Ìbọn wo ló yẹ ogun orí òkè gíga? Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbé e wò

Ìbéèrè: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Mò ń kọ ìtàn àròsọ kan lórí àwọn ọmọ ogun 30 tí wọ́n rán lọ gba ṣóńṣó òkè kan tó ga tó 4,500 mítà lọ́wọ́ ọ̀tá tó ti gbẹ́ ihò ààbò síbẹ̀. Iyàn ti fẹ́ dá ìjà sílẹ̀ láàárín èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi méjì lórí ohun ìjà tí màá kó fún wọn. Ọ̀kan ní atamátàsé mẹ́ta tó ní ìbọn gidi lọ́wọ́ ti parí iṣẹ́, torí afẹ́fẹ́ ibẹ̀ fẹ́lẹ́, ọta á máa lọ jìnnà. Èkejì ní kí n kó AK fún gbogbo wọn, pé ìbọn yẹn kò mọ òtútù. Èmi ní tèmi rò pé hẹlikópítà kan tó gbé mísáìlì ló máa yanjú ẹ̀. Ta ló jàre?"

Àbúrò mi, ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ ní òótọ́ lọ́wọ́, ṣùgbọ́n òótọ́ yín kò tíì gun òkè. Kí n tó máa bá a lọ, ó yẹ kí o mọ ẹni tó ń dá ọ lóhùn. Ọdún 19 ni mo fi tọ́jú ìbọn, tí mo sì fi kọ́ àwọn ọmọ ogun ní ìbọn yíyìn, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n sì rán mi lọ kọ́ ogun orí òkè níbi tí yìnyín kì í ti í tán láti ọdún dé ọdún. Ibi tó ga jù tí mo ti yìnbọn rí kò ju 3,200 mítà lọ, ìdánrawò sì ni, kì í ṣe ogun. Ohun tí mo bá sọ nípa ibi tó ga ju ìyẹn lọ, ẹnu àwọn tó débẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ, tàbí kí n kà á nínú àkọsílẹ̀ ogun.

Ohun tí ẹ ń jiyàn lé lórí ni ìbọn tó dára jù. Àwọn tó ń ṣètò ogun orí òkè kì í bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀. Wọ́n á kọ́kọ́ béèrè ẹni tó máa gbé e, wọ́n á béèrè ibi tó máa gbé e dé, lẹ́yìn náà ni wọ́n á tó béèrè iye ọta tó máa bá a débẹ̀. Ní 4,500 mítà, ọ́síjìn tí ènìyàn ń rí fà símú kò tó ìdá 60 nínú 100 èyí tó ń rí létí òkun. Ọkùnrin tó ń fi ẹrù 35 kílò rìn látàárọ̀ dalẹ́ ní pẹ̀tẹ́lẹ̀, bó bá gbé 20 kílò níbẹ̀, á gbé ẹsẹ̀ mẹ́wàá, á dúró, á mí hẹlẹhẹlẹ, kó tó tún gbé mẹ́wàá mìíràn. Ẹni tí kò bá sì tíì fi ọ̀sẹ̀ kan sí méjì jẹ́ kí ara rẹ̀ mọ́ òkè, orí fífọ́ àti èébì lè dá a dùbúlẹ̀ kó tó fojú kan ọ̀tá. Àwọn mìíràn wà tí omi ń kún ẹ̀dọ̀fóró wọn; bí wọn kò bá tètè gbé irú wọn sọ̀kalẹ̀, ó di òkú. Bí o kò bá fi ọjọ́ ìsinmi àti ọjọ́ àìsàn sínú ìtàn rẹ, ẹni tó ti gun òkè rí á mọ̀ pé orí àga lo jókòó sí kọ ọ́.

Jẹ́ ká wá wọn ẹrù náà. Ìbọn arọ̀jò-ọta tó ń lo ọta 7.62 mílímítà máa ń tó kílò 12 ní òun nìkan. Ọta rẹ̀ 100 tí wọ́n so mọ́ra bí ìlẹ̀kẹ̀ tó nǹkan bíi kílò 3. Bí o bá fẹ́ kó ní ọta 600, èyí tí ọwọ́ tí kò níjàánu lè yìn tán kí omi tó hó, kílò 18 nìyẹn lórí kílò 12. Kò sí ẹnìkan tó máa dá ìyẹn gbé gun òkè. Ẹni mẹ́ta ló ń jẹ́ ìbọn kan. Mọ́tà 81 mílímítà, ìyẹn páìpù tí wọ́n fi ń yin ọta sókè kó tó já bọ́ sórí ọ̀tá, tó nǹkan bíi kílò 40, ọta rẹ̀ kọ̀ọ̀kan sì tó kílò 4. Ogún ọta péré, kílò 80 ni. Ìṣirò yìí kò tíì kan aṣọ òtútù, àgọ́, oúnjẹ, àti kẹrosíìnì tí wọ́n fi ń yọ́ yìnyín kí wọ́n tó rí omi mu. Má fi kẹrosíìnì yẹn ṣeré o. Lórí yìnyín Siachen, níbi tí Íńdíà àti Pàkísítánì ti dojú kọ ara wọn láti oṣù kẹrin ọdún 1984, àwọn tí òtútù, àìsàn òkè àti yìnyín tó ya lulẹ̀ pa ju àwọn tí ọta pa lọ. Ní ọjọ́ 7 oṣù kẹrin ọdún 2012, yìnyín ya bo ibùdó àwọn ọmọ ogun Pàkísítánì ní Gayari, ó sì sin ènìyàn 140 lẹ́ẹ̀kan náà, láìsí pé ẹnikẹ́ni yìnbọn. Nítorí náà, gbogbo ọta tí o bá fi kún ẹrù, kẹrosíìnì tàbí oúnjẹ ló ń lé jáde nínú rẹ̀, ìyẹn náà sì lè pani.

Ká wá sórí atamátàsé. Òótọ́ ni pé afẹ́fẹ́ fẹ́lẹ́ lókè. Ní ibi tó ga tó ti inú ìtàn rẹ, afẹ́fẹ́ kò ki ju nǹkan bí ìdá 63 nínú 100 ti etí òkun, kò sì lè dá ọta dúró bó ṣe ń dá a dúró nísàlẹ̀. Eré ọta kò ní tètè dín kù, kò sì ní tètè máa wálẹ̀. Ibi tí ọ̀rẹ́ rẹ kò ro ọ̀rọ̀ náà dé ni pé ìbọn tí wọ́n tún ojú rẹ̀ ṣe ní pẹ̀tẹ́lẹ̀ á wá máa yìn kọjá lórí ẹni tí wọ́n fẹ́ ta. Òtútù tún wà ńbẹ̀ tó ń ṣe òdìkejì: ẹ̀tù tó ti tutù kì í jó kíákíá, ọta á sì jáde pẹ̀lú agbára tó dín. Ọ̀kan ń gbé ọta sókè, èkejì ń fà á wálẹ̀, agbára méjèèjì kò sì dọ́gba láàárọ̀ àti lọ́sàn-án. Atẹ́gùn ńkọ́? Lọ́sàn-án tí oòrùn bá ti yá àpáta, atẹ́gùn á máa gun òkè. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, á máa ṣàn wálẹ̀ bí omi. Láàárín ìwọ àti ẹni tó wà lódìkejì àfonífojì kan ṣoṣo, atẹ́gùn lè kọjú sí ọ̀nà mẹ́ta, ọ̀kan lẹ́bàá rẹ, ọ̀kan láàárín, ọ̀kan lọ́dọ̀ tirẹ̀.

Èyí tó ń dójú ti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jù lọ ni ti gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Bí o bá ń yìnbọn gun òkè tàbí sọ̀kalẹ̀, jíjìn tí ojú rẹ rí kọ́ ló ń pinnu bí ọta ṣe máa wálẹ̀ tó. Jíjìn tó máa jẹ́ ká ní ilẹ̀ tẹ́jú pẹrẹsẹ lábẹ́ rẹ̀ ni. Ẹni tó wà ní 500 mítà sí ọ lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó dagun ní dígírì 30, bí ẹni tó wà ní 430 mítà ni kí o ṣe ta á. Bákan náà ló sì rí, ì báà jẹ́ òkè lo ń yìn ín sí, ì báà jẹ́ ìsàlẹ̀: lọ́nà méjèèjì, ẹni tí kò mọ̀ á yìn kọjá lórí. Mo bá akẹ́kọ̀ọ́ kan pàdé níbẹ̀ tó jẹ́ pé nílé, orí ẹyẹ ló ń ta. Ó yin ọta méje sí pátákó kan nísàlẹ̀ àfonífojì, kò ba ẹyọ kan. Ó bú ìbọn, ó bú awò orí ìbọn, ó fẹ́ bú ẹni tó gbẹ́ pátákó. Nígbà tó gbà láti fi ojú ìbọn sísàlẹ̀ díẹ̀, ìkẹjọ wọlé. Nítorí náà, atamátàsé wúlò gan-an lókè, bí ó bá jẹ́ ẹni tó ti gbé ìbọn rẹ̀ yìn níbẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, tó sì kọ ohun tó rí sílẹ̀. Ṣùgbọ́n kò lè ta ohun tí kò rí. Ọ̀tá inú ìtàn rẹ wà nínú ihò, lẹ́yìn òkúta, àwọn tó ń gbé oúnjẹ àti ọta fún un sì wà ní ẹ̀yìn òkè lódìkejì. Ọta ìbọn kì í yà kọ́ọ̀nà.

Ọ̀rọ̀ jíjìn yìí ló gbé wàhálà dé ní Afuganísítánì lẹ́yìn ọdún 2001. Ìbọn M4 tí àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà gbé lọ ń lo ọta kékeré 5.56 mílímítà, ó fúyẹ́, ó sì dára níbi tí ilé sún mọ́ ilé. Àwọn ọ̀tá wọn wá ń jókòó sí òdìkejì àfonífojì, ní 600 mítà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n ń fi ìbọn arọ̀jò-ọta PKM da ọta sí wọn lórí, wọ́n sì ń sá lọ kí ìrànlọ́wọ́ tó dé. Amẹ́ríkà ní láti tún ìbọn M14 àtijọ́ ṣe kí wọ́n lè ní ohun tó ń débẹ̀, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà sì kó L129A1 tó ń lo ọta 7.62 fún àwọn ọmọ ogun wọn láti ọdún 2010. Èyí kò sọ pé ọta kékeré kì í pani o. Ìbọn ní apátí, kò ní apátí, ta ló máa jẹ́ kí wọ́n kọjú rẹ̀ sí òun? Ìṣòro ibẹ̀ ni pé lẹ́yìn 500 mítà, bíba ẹni tí o fẹ́ ta ti di oríire. Ṣùgbọ́n ká má gbàgbé ìwọ̀n: ọta 5.56 kan tó gíráàmù 12, ti 7.62 tó 24. Ẹni tó gbé 300 nínú ti kékeré, 150 péré ló máa gbé nínú ti ńlá. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ní gbà ọ́ níyànjú pé kí gbogbo àwọn 30 gbé irú ìbọn kan náà. Kí àwọn díẹ̀ gbé èyí tó ń lọ jìnnà, kí àwọn yòókù gbé èyí tó fúyẹ́, torí àwọn ló máa sáré ogún mítà tó kẹ́yìn wọ inú ihò. Níbẹ̀, bọ́ǹbù àfọwọ́jù wúlò ju ìbọn èyíkéyìí lọ, kí olúkúlùkù ní mẹ́fà.

AK ti ọ̀rẹ́ rẹ kejì kò burú. Inú rẹ̀ ní àyè láàárín irin àti irin, ìdọ̀tí àti yìnyín kì í tètè há a. Ṣùgbọ́n ọta AK àtijọ́ máa ń yára wálẹ̀ bó bá ti kọjá 300 mítà sí 400, àti pé kò sí ìbọn tí kò mọ òtútù. Lọ́dún àkọ́kọ́ tí mo lọ, mo fi òróró pa ìbọn mi dáadáa bí wọ́n ṣe kọ́ mi. Nígbà tó fi máa di àárọ̀, òróró ti ki bí oyin. Mo fà á, irin tó yẹ kó sáré lọ gbá ìdí ọta rọra ń rìn lọ bí arúgbó tó ń lọ kí àna, kò dún. Olùkọ́ wa, ọkùnrin kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, gbà á lọ́wọ́ mi, ó tú u palẹ̀, ó fọ òróró náà kúrò pátá, ó nù ún gbẹ, ó dá a padà fún mi. Ó yìn. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo tún gbé ìbọn wọ inú àgọ́ kó lè móoru, bí ẹni pé mo ń ṣàánú rẹ̀. Irin tútù tó bá wọ ibi tó móoru máa ń làágùn, bí o bá tún gbé e jáde, òógùn yẹn á dì sínú rẹ̀. Láti ìgbà náà, ìta ni ìbọn wa ń sùn, a ó fi aṣọ dí i lẹ́nu kí yìnyín má baà wọ̀ ọ́. Wo ìbọ̀wọ́ náà: ọwọ́ tó wọ ìbọ̀wọ́ nínípọn kì í rí àyè wọ ibi tí wọ́n ti ń fà á, ọwọ́ lásán sì lè lẹ̀ mọ́ irin. Ike máa ń di ohun tó tètè ń fọ́ nínú òtútù. Nígbà ogun Kargil tí Íńdíà àti Pàkísítánì jà lórí òkè lọ́dún 1999, àwọn ọmọ ogun Íńdíà ráhùn pé ike tí wọ́n ń kó ọta sí lára ìbọn INSAS wọn ń là. Bátìrì awò tí wọ́n fi ń ríran lóru kì í lò tó ìdajì àkókò rẹ̀ bí kò bá sí lára ènìyàn.

Mo ti ń fi ọ̀rọ̀ gan-an pamọ́ bọ̀. Ohun tó ń gba òkè lọ́wọ́ ọ̀tá, ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò dárúkọ rẹ̀: mọ́tà àti àgbá, ìyẹn ìbọn ńláńlá tó ń yin ọta ńlá lọ jìnnà, ni. Ọta wọn kì í lọ tààrà bíi ti ìbọn. Ó ń gòkè lọ, ó sì ń já bọ́ láti òkè. Nítorí náà ó lè bọ́ sẹ́yìn òkè níbi tí ojú kò dé, sínú kòtò, sórí àwọn tó ń gbé ẹrù gun ẹ̀yìn. Ní Kargil, àwọn ọmọ ogun láti Pàkísítánì ti jókòó sórí àwọn ṣóńṣó òkè tó wà láàárín 4,000 mítà sí 5,500, wọ́n ń wo ọ̀nà tó lọ láti Srinagar sí Leh nísàlẹ̀. Lóṣù karùn-ún, Íńdíà rán àwọn ọmọ ogun ẹlẹ́sẹ̀ gun òkè pẹ̀lú àgbá tí kò tó nǹkan lẹ́yìn wọn, ọ̀tá sì ń ta wọ́n láti òkè bí ẹni ń ṣa èso. Nígbà tí wọ́n kó àwọn àgbá Bofors 155 mílímítà jọ, tí wọ́n sì kọjú àwọn kan sí òkè náà tààrà bí ìbọn, ni nǹkan yí padà. Ọjọ́ 13 oṣù kẹfà ni wọ́n gba Tololing, ọjọ́ 4 oṣù keje ni wọ́n gba Tiger Hill tó ga ju 5,000 mítà lọ. Kó tó parí, ọta àgbá, mọ́tà àti rọ́kẹ́ẹ̀tì tí wọ́n yìn lé ní 250,000. Síbẹ̀ náà, ènìyàn ló fi ọwọ́ àti ẹsẹ̀ gun àpáta lọ parí rẹ̀ lóru, 527 nínú àwọn ọmọ ogun Íńdíà ni kò sì padà wálé.

Òkè tún ní ọ̀nà tó ń gbà fi àgbá ṣe yẹ̀yẹ́. Ní pẹ̀tẹ́lẹ̀, ọta tó fi 50 mítà kọjá ẹni tí wọ́n fẹ́ ta á ṣì bú lẹ́yìn rẹ̀, èéfọ́ irin á sì fò débi tó wà. Lórí òkè tó mú ṣóńṣó bí ẹ̀yìn ọ̀bẹ, ọta tó bá fi 50 mítà kọjá ti bọ́ sínú àfonífojì kejì, ariwo lásán ló ṣẹ́kù. Afẹ́fẹ́ fẹ́lẹ́ tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan sì ń jẹ́ kí àwọn àkọ́yìn kọjá ni. Yìnyín múlọ́múlọ́ náà ń gbé ọta mọ́tà mì kó tó bú, nítorí náà ó dára kí wọ́n ní irú èyí tó ń bú lófuurufú. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ orí àpáta ló bú sí, àpáta náà á di ọta, èéfọ́ òkúta á sì máa gún ènìyàn bí irin. Irin pẹrẹsẹ tí wọ́n ń tẹ́ sábẹ́ mọ́tà, orí yìnyín ń gbé e mì lẹ́yìn ọta mélòó kan, orí àpáta sì ń mú un ta kúrò lójú ibi tí wọ́n kọjú rẹ̀ sí. Àpò tí wọ́n bu iyẹ̀pẹ̀ tàbí òkúta wẹ́wẹ́ sí la fi ń tẹ́ abẹ́ rẹ̀. Iṣẹ́ tí kò níyì ni, kò sì sẹ́ni tó ń ya fọ́tò rẹ̀.

O lè béèrè bí àgbá ṣe ń dé òkè. Láyé àtijọ́, àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ní Íńdíà ní àgbá tí wọ́n ń tú sí wẹ́wẹ́ di ẹ̀yìn ìbaaka, tí wọ́n á tún dè pọ̀ lókè. Àwọn ará Ítálì tún ọgbọ́n yẹn dá ní ọdún 1956 pẹ̀lú àgbá 105 mílímítà kan tó tó kílò 1,290, tó ń túká sí ọ̀nà 12, ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ló sì rà á. Kò ṣàdédé jẹ́ pé Ítálì ló ṣe é. Nínú ogun tí wọ́n bá Ọ́síríà jà lórí àwọn òkè Alps láti 1915 sí 1918, wọ́n fi okùn àti èjìká ènìyàn fa àgbá gun yìnyín tó lé ní 3,000 mítà. Bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́ ro ìyà, bó bá pa ẹran, kò ní í fún ẹnìkan jẹ. Lóde òní, àgbá M777 tó tó nǹkan bíi kílò 4,200 ṣeé fi hẹlikópítà ńlá gbé; Bofors tó lé ní tọ́ọ̀nù 11 kò ṣeé gbé bẹ́ẹ̀, àfi kí ọkọ̀ rí ọ̀nà gbà.

Hẹlikópítà tìrẹ wá kàn. Afẹ́fẹ́ tó fẹ́lẹ́ fún ẹ̀dọ̀fóró ló fẹ́lẹ́ fún abẹ̀bẹ̀ orí rẹ̀ náà. Ohun tó ń gbé nísàlẹ̀, kò lè gbé e lókè. Yálà kó dín mísáìlì kù tàbí kó dín epo kù, dídúró sójú kan ní òfuurufú sì máa ń di ewu. Èyí tó tún burú ni pé ọ̀tá lè wà lókè ju hẹlikópítà lọ, kó máa yìnbọn sọ̀kalẹ̀ sí i. Àwọn ará Afuganísítánì fi ìbọn arọ̀jò-ọta DShK ṣe bẹ́ẹ̀ fún àwọn hẹlikópítà Sófíẹ́tì láti orí òkè, kó tó di pé mísáìlì Stinger dé ọwọ́ wọn lọ́dún 1986. Ní Kargil, ọjọ́ 28 oṣù karùn-ún ni wọ́n fi mísáìlì tí wọ́n ń gbé léjìká já hẹlikópítà Mi-17 Íńdíà kan bọ́, ọjọ́ kan lẹ́yìn tí wọ́n já bàálù ogun MiG-21 bọ́. Lẹ́yìn èyí ni bàálù Mirage 2000 wá ń ju bọ́ǹbù tí iná lésà ń darí láti ibi tó ga tí mísáìlì yẹn kò dé. Amẹ́ríkà náà rí tiwọn ní Shah-i-Kot ní Afuganísítánì lóṣù kẹta ọdún 2002: wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé hẹlikópítà àti bàálù, wọn kò gbé àgbá lọ, mọ́tà díẹ̀ ló wà lọ́wọ́ wọn, ọ̀tá sì lu àwọn hẹlikópítà Apache wọn lálùbami láti orí òkè. Jẹ́ kí hẹlikópítà máa gbé ọta wá, kó sì máa gbé ẹni tó fara gbọgbẹ́ lọ. Ìyẹn nìkan ti tó iṣẹ́.

Táǹkì lo kò béèrè, torí náà màá fi ìtàn kan kọjá lórí ẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1948, Íńdíà tú táǹkì kéékèèké Stuart palẹ̀, wọ́n gbé e lọ síbi ọ̀nà Zoji La tó tó 3,500 mítà, wọ́n sì fi já ọ̀tá tí kò lérò pé táǹkì lè débẹ̀ láyé. Ìyàlẹ́nu ló jà níbẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo sì ni ìyàlẹ́nu máa ń ṣiṣẹ́. Ní ti dróònù, ó dára fún wíwo ẹ̀yìn òkè, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ fẹ́lẹ́ àti bátìrì tútù ń gé ẹ̀mí rẹ̀ kúrú. Kí o má sì rò pé ohun ìjà olówó ńlá ló máa ń kẹ́yìn ọ̀rọ̀: ní àfonífojì Galwan, ní ààlà Íńdíà àti Ṣáínà, ọjọ́ 15 oṣù kẹfà ọdún 2020, àwọn ọmọ ogun Íńdíà àti Ṣáínà fi òkúta, kóńdó àti irin oníṣòó pa ara wọn lóru nínú òtútù, nítorí àdéhùn tó wà láàárín wọn kò fàyè gba ìbọn yíyìn lẹ́bàá ààlà. Ogún ni Íńdíà pàdánù.

Ó wá ku ihò ààbò tí ọ̀tá rẹ wà nínú rẹ̀. Mọ́tà kéékèèké kì í tètè fọ́ orí òkúta tí wọ́n tò dáadáa. Ohun tí ń wọ ojú ihò ni ìbọn àgbétèjìká bíi Carl Gustaf 84 mílímítà, tó ń rán ọta ńlá lọ tààrà. Ìran tuntun rẹ̀ kò tó kílò 7. Íńdíà tilẹ̀ lo mísáìlì Milan tí wọ́n ṣe fún táǹkì láti fi fọ́ irú ihò bẹ́ẹ̀ ní Kargil. Ewu tirẹ̀ ni iná tó ń tú jáde lẹ́yìn. Bí ògiri àpáta bá wà lẹ́yìn ẹni tó yìn ín, iná yẹn á padà wá bá òun fúnra rẹ̀; bó bá sì jẹ́ yìnyín ló wà lẹ́yìn rẹ̀, ìkùukùu funfun á gbéra sókè, gbogbo ọ̀tá á sì mọ ibi tó wà. Ẹ̀ẹ̀kan ni kó yìn, kó kúrò níbẹ̀.

Bó bá jẹ́ èmi ni mo ń kó ẹrù fún àwọn 30 rẹ, màá fún wọn ní ìbọn arọ̀jò-ọta 7.62 méjì àti ọta 1,200, kílò 60 nìyẹn. Mọ́tà 60 mílímítà méjì, kílò 40, pẹ̀lú ọta 60 tó jẹ́ nǹkan bíi kílò 100. Carl Gustaf kan àti ọta mẹ́wàá, kílò 47 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀. Atamátàsé méjì, kì í ṣe mẹ́ta, kí ẹnìkọ̀ọ̀kan ní ẹni tó ń bá a wo atẹ́gùn. Ìbọn fífúyẹ́ fún gbogbo àwọn tó kù. Yàtọ̀ sí ìbọn ti olúkúlùkù, ẹrù gbogbogbòò yìí sún mọ́ kílò 250, ó lé díẹ̀ ní kílò 8 lórí ẹnìkọ̀ọ̀kan, kí o tó ka bọ́ǹbù àfọwọ́jù, oúnjẹ àti aṣọ. Ó ṣeé gbé, pẹ̀lú ìjìyà. Ẹlòmíràn lè ní kí o yọ mọ́tà kan kúrò kí ọta lè pọ̀ sí i, mi ò ní bá a jà. Ṣùgbọ́n wo bó ṣe kéré tó: mọ́tà méjì tó bá ń yin ọta mẹ́wàá mẹ́wàá ní ìṣẹ́jú kan, ìṣẹ́jú mẹ́ta ni ọta 60 máa parí.

Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ kí o fi àgbá mẹ́rin sí àfonífojì lẹ́yìn wọn, ní kílómítà mẹ́jọ, kí o sì fi ọmọkùnrin kan tó ní rédíò sáàárín àwọn 30. Òun ló máa sọ fún àwọn tó ń yin àgbá pé "ẹ ti yìn kọjá, ẹ dín in kù ní ọgọ́rùn-ún mítà," títí ọta á fi bọ́ sórí ọ̀tá. Rédíò rẹ̀ ló lágbára jù nínú gbogbo ohun tí wọ́n gbé, òun náà sì ni atamátàsé ọ̀tá máa kọ́kọ́ wá. Jẹ́ kó máa gbé bátìrì kejì sínú ẹ̀wù, mọ́ ìhà rẹ̀, kó sì gbàgbé láti gbé e síbẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ kejì. Ibẹ̀ ni kí o ti bẹ̀rẹ̀ wàhálà ìtàn rẹ.